Skánà kò tan, tàbí ó tan kò sọ̀rọ̀: ibi tó yẹ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Ẹ ti ki skánà, ẹ̀rọ tó ń ka àrùn ọkọ̀, bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ dúró, ojú rẹ̀ ṣì dúdú. Tàbí ó tan, ó ń pòòyì, ó ń pòòyì, ó wá ní òun kò rí ọkọ̀ kankan bá sọ̀rọ̀. Oníbàárà dúró tì yín, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Àsìkò yìí gan-an ni ẹnu máa ń yá ju ọwọ́ lọ, tí ẹ ó gbọ́ tí ẹnìkan ní, "Brain box ọkọ̀ yìí ti jó." Bí wọn kò bá dá brain box, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, lẹ́bi, skánà ni wọn yóò ní ó ti bàjẹ́, kí ẹ lọ ra tuntun.

Iṣẹ́ rewire, ìyẹn iṣẹ́ iná ọkọ̀, ni mò ń ṣe, Ìbàdàn ni mo sì ti ń ṣe é. Lọ́pọ̀ ìgbà tí skánà bá kọ̀ṣẹ́ lọ́wọ́ mi, brain box kò ṣẹ̀, skánà kò ṣẹ̀. Iná tàbí ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ọ̀nà tí iná ń gbà padà sí bátìrì, ni kò dé ẹnu sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi pé kí wọ́n wọn ihò méjì kí wọ́n tó dá ohunkóhun lẹ́bi: ihò 16 àti ihò 4. Kò gba ìṣẹ́jú méjì. Gbogbo ohun tó kù tí mo fẹ́ sọ níbí, orí ìyẹn ló dúró lé.

Irinṣẹ́ tí ẹ nílò kò pọ̀: mítà onínọ́ńbà, tẹ́sítà onígílóòbù, tọ́ọ̀ṣì, fíúsì oríṣiríṣi, àti abẹ́rẹ́ tín-ín-rín kan. Bí ẹ bá tún rí ọkọ̀ kejì tí ẹ mọ̀ pé skánà yín ń bá sọ̀rọ̀ dáadáa, ó parí.

Ṣé ó kú ni, àbí ó yadi?

Ẹ kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ méjì yìí sọ́tọ̀. Skánà tó kú ni èyí tí kò tan rárá: kò sí iná, kò sí ìró. Skánà tó yadi ni èyí tó tan, tó jẹ́ kí ẹ mú orúkọ ọkọ̀, ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ kò dá a lóhùn. Àìsàn méjì ni, oògùn wọn sì yàtọ̀. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ lè lo ọ̀sán kan gbáko nídìí wáyà tí kò ṣe é ní nǹkan kan.

Ibi tó ti ń tan ènìyàn jẹ rèé. Skánà kékeré tó ní wáyà tirẹ̀, ara ọkọ̀ ló ti ń jẹ iná. Bí ihò 16 kò bá ní iná, kò ní tan. Ṣùgbọ́n èyí tó dà bíi tábúlẹ́ẹ̀tì ní bátìrì tirẹ̀ nínú. Ó lè tan yòò kí sọ́kẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ má ní iná kankan. Fún irú èyí, ẹ má wo ojú tábúlẹ́ẹ̀tì. Àpótí kékeré tí ẹ ki bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ wò. Bí iná ara rẹ̀ kò bá tan, òkú lẹ gbé dání, bí tábúlẹ́ẹ̀tì tilẹ̀ ń ṣeré níwájú yín.

Lẹ́yìn náà, ẹ yọ ọ́, ẹ lọ ki í bọ ọkọ̀ kejì. Tó bá tan níbẹ̀, ọkọ̀ àkọ́kọ́ ló jẹ̀bi. Tó bá kọ̀ níbẹ̀ náà, skánà tàbí wáyà rẹ̀ ni. Ìdánwò yìí kò ná yín ní kọ́bọ̀, ó sì ti gba ìdajì iṣẹ́ kúrò lọ́rùn yín.

Àwọn ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì

Sọ́kẹ́ẹ̀tì náà ní ihò mẹ́rìndínlógún ní ìlà méjì. Ẹ dojú kọ ọ́, kí ẹ̀gbẹ́ tó fẹ̀ wà lókè. Ìlà òkè jẹ́ 1 sí 8 láti òsì lọ sí ọ̀tún, ti ìsàlẹ̀ sì jẹ́ 9 sí 16 bákan náà. Kì í ṣe gbogbo ihò ló máa ń ní irin nínú, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dẹ́rù bà yín.

Ihò 16 ni iná tó ń ti bátìrì wá gba inú fíúsì. Kọ́kọ́rọ́ wà lára ọkọ̀ o, kò sí o, iná gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ihò 4 ni ẹ́ẹ̀tì tó lọ sí bọ́dì ọkọ̀, ihò 5 sì ni ẹ́ẹ̀tì tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ tí ń lọ tí ń bọ̀. Àwọn mẹ́ta yìí ló ń jí skánà. Ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ ń gba ihò 6 àti 14 nínú ọkọ̀ tó ń sọ CAN, èdè tí àwọn kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ó sì ń gba ihò 7 nínú èyí tó ń sọ K-line, èdè tó ṣáájú rẹ̀. Nínú àwọn Ford àti GM àtijọ́, ihò 2 ni, Ford a sì fi 10 kún un.

Òfin Amẹ́ríkà ló sọ sọ́kẹ́ẹ̀tì yìí di dandan fún mọ́tò tí wọ́n bá tà níbẹ̀ láti mọ́dẹ́ẹ̀lì 1996, tí wọ́n sì tún ní kí gbogbo wọn máa sọ CAN láti mọ́dẹ́ẹ̀lì 2008. Yúróòpù mú un ní dandan fún ọkọ̀ onípẹtiróòlù ní 2001. Nítorí náà, bí tòkunbọ̀ kan bá ti Amẹ́ríkà wá, tí mọ́dẹ́ẹ̀lì rẹ̀ jẹ́ 2008 sókè, ẹ ti mọ̀ pé 6 àti 14 lẹ ó wò. Camry tí à ń pè ní Pencil Light kò sí nínú ìyẹn. Ọkọ̀ àtijọ́ ni, kì í sọ CAN.

Bí a ṣe ń wọn iná

Ẹ yí mítà sí DC, fóltì 20. Ẹ fi ọwọ́ dúdú kan irin bọ́dì tó mọ́, tí kò ní ọ̀dà lára, ẹ fi ọwọ́ pupa kan ihò 16. Bí ẹ́ńjìnnì kò bá ṣiṣẹ́, bátìrì tára rẹ̀ le yóò fún yín ní fóltì 12.4 sí 12.7. Ẹ kọ iye náà sílẹ̀. Ẹ fi pupa sílẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ gbé dúdú wá sí ihò 4, lẹ́yìn náà ihò 5. Iye kan náà ló yẹ kí ẹ rí. Bí ti àkọ́kọ́ bá pé tí ti ẹ̀ẹ̀kejì kò pé, iná wà, ẹ́ẹ̀tì ni kò sí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ti ẹnu mítà tó nípọn wọ inú ihò. Irin inú ihò yẹn rọ̀, ó máa ń fẹ̀. Bó bá fẹ̀ tán, skánà tí ẹ ó gbé wá lọ́la kò ní fara kàn án mọ́, ẹ ó sì ti fi ọwọ́ ara yín dá àrùn tuntun sílẹ̀. Etí rẹ̀ ni kí ẹ kàn, tàbí kí ẹ lo abẹ́rẹ́, tàbí kí ẹ gba ẹ̀yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì níbi tí wáyà ti wọlé.

Mítà nìkan kò tó o. Wáyà tó ti já ku ẹyọ irun kan ṣì lè fi fóltì 12.6 han mítà, torí mítà kì í jẹ iná. Skánà ń jẹ iná. Ẹ fi tẹ́sítà onígílóòbù sí àárín ihò 16 àti ihò 4. Ó gbọ́dọ̀ mọ́lẹ̀ bí ìgbà tí ẹ fi kan orí bátìrì gan-an. Bó bá ń ṣe bàìbàì, wáyà tàbí ẹ́ẹ̀tì ti rẹ̀ níbì kan. Ibi tí tẹ́sítà onígílóòbù ní iṣẹ́ mọ nìyẹn. Ẹ kò gbọ́dọ̀ fi kan 6, 14 tàbí 7, torí iná tí gílóòbù ń fà lè ba brain box jẹ́. Mítà onínọ́ńbà nìkan ló ń wọ ibẹ̀.

Bí iná kò bá sí ní ihò 16

Fíúsì ni kí ẹ kọ́kọ́ wá lọ. Toyota sábà máa ń kọ OBD, orúkọ sọ́kẹ́ẹ̀tì skánà yìí, sára tirẹ̀, ampere 7.5 ló sì sábà máa ń jẹ́. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, pàápàá Ford àti GM, fíúsì kan náà ló ń bọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì skánà àti ihò láítà sìgá, èyí tí a ń ki ṣájà fóònù bọ̀.

Jíìpù kan wá sọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ kan tó ti dé ibi méjì ṣáájú. Skánà kò tan níbì kankan. Mo bi obìnrin tó ni ín pé, "Màmá, ṣé ẹ ṣì ń rí fóònù yín ṣájì nínú ọkọ̀ yìí?" Wọ́n ní, "Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti kọ̀. Ṣájà yẹn ni kò dáa." Irin ẹnu ṣájà náà ló ti yọ sínú ihò láítà, tó so pósítíìfù mọ́ bọ́dì. Mo yọ irin náà jáde, mo fi fíúsì tuntun sí i, skánà tan. Láti ọjọ́ yẹn, ìbéèrè ṣájà fóònù ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ oníbàárà, kí n tó ṣí ohunkóhun.

Ẹ má fi ojú lásán wo fíúsì. Ó lè já ní ìsàlẹ̀ níbi tí ojú kò tó. Gbogbo fíúsì kéékèèké yìí ní irin méjì tó yọ orí síta lókè. Ẹ fi tẹ́sítà kan méjèèjì láìyọ fíúsì. Bó bá tan ní ọ̀kan tí kò tan ní èkejì, fíúsì ti jó. Bí kò bá tan ní méjèèjì, iná kò dé ọ̀dọ̀ fíúsì pàápàá, ẹ padà sẹ́yìn lọ wo fíúsì ńlá inú bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Bí tuntun bá tún jó lójú ẹsẹ̀, ẹ má fi èyí tó tóbi ju iye tí wọ́n kọ lọ sí i, ẹ má sì fi wáyà dì í. Wáyà inú dáṣíbọ́ọ̀dù ni yóò jó dípò fíúsì, iná ọkọ̀ tí a ń rí lójú ọ̀nà máa ń ti ibi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ yọ ohun tó wà lórí fíúsì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, láítà, rédíò, tirákà, títí fíúsì yóò fi dúró.

Bí fíúsì bá pé tí ihò 16 ṣì gbẹ, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, ẹ wo ẹ̀yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì. Lọ́pọ̀ ìgbà, irin inú ihò ti sá sẹ́yìn nítorí pé ẹnìkan fi agbára ti skánà wọlé. Ẹ fi abẹ́rẹ́ tì í padà síwájú kó dún "kó". Ìgbà mìíràn, ẹni tó wá de tirákà ló gé wáyà yẹn, tó so tirẹ̀, tó sì fi téèpù lásán wé e. Ẹ ṣí téèpù náà, ẹ so ó dáadáa, ẹ fi lẹ́ẹ̀dì jó o.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹ́ẹ̀tì ni kò sí

Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù, torí òun ló ti náwó lọ́wọ́ àwọn ènìyàn jù lójú mi. Nígbà tí wọ́n bá tú dáṣíbọ́ọ̀dù láti tún AC ṣe, nọ́ọ̀tì kékeré kan wà tó ń de wáyà dúdú mọ́ irin lẹ́yìn rẹ̀. Tí wọ́n bá ń tò ó padà, nọ́ọ̀tì yẹn máa ń ṣẹ́kù sílẹ̀. Ọkọ̀ yóò ṣiṣẹ́, iná iwájú yóò tan, kò sẹ́ni tí yóò fura. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé skánà wá ni yóò tó hàn.

Olùkọ́ kan gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá tó ń já, ìyẹn ni pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń gbọ̀n bí ẹni tó fẹ́ kú, tí check engine rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Skánà oní-tábúlẹ́ẹ̀tì ni wọ́n lò níbi tó kọ́kọ́ lọ. Tábúlẹ́ẹ̀tì tan, ó kọ ọ́ pé òun kò rí ọkọ̀ bá sọ̀rọ̀, wọ́n sì ní brain box ni. Wọ́n pàrọ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ ṣì ń já, skánà ṣì ń yadi, wọ́n ní brain box tí ó rà kò dáa, kó wá òmíràn. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, mo wọn ihò 16: fóltì 12.5. Mo gbé dúdú wá sí ihò 4: òfo. Ihò 5: òfo. A tú ìsàlẹ̀ dáṣíbọ́ọ̀dù, a bá wáyà ẹ́ẹ̀tì tó rọ̀ sílẹ̀, nọ́ọ̀tì rẹ̀ kò sí níbẹ̀. A dè é. Skánà sọ̀rọ̀, ó ní kóòdù P0302, ìyẹn ni pé sílíńdà kejì kò jó dáadáa. Kọ́ìlì kan, èyí tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná, ni ọkọ̀ yẹn nílò láti ìbẹ̀rẹ̀. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ọkùnrin náà sì ti san owó orí tuntun.

Kí ẹ tó de ẹ́ẹ̀tì padà, ẹ ha ọ̀dà àti ìpẹtà kúrò lára irin náà.

Ọkọ̀ ńlá, ẹ ṣọ́ra

Ọ̀pọ̀ típà àti tírélà ń lo fóltì 24. Àwọn kan ní sọ́kẹ́ẹ̀tì tó jọ ti mọ́tò kékeré, àmọ́ ihà tó wà láàárín rẹ̀ gé sí méjì. Ihà yẹn ni àmì. Bí ẹ bá fi agbára ti skánà tí wọ́n ṣe fún fóltì 12 nìkan wọ ibẹ̀, ẹ lè jó o kí ojú tó ṣẹ́. Èyí tó rí roboto tó ní ihò mẹ́sàn-án, àkànṣe wáyà ni tirẹ̀.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì pé, skánà ṣì kú

Ó wá kan skánà fúnra rẹ̀. Ọrùn wáyà ló máa ń kọ́kọ́ kú, níbi tó ti wọ orí tí a ń ki bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, torí ibẹ̀ ni a ń ká jù. Ẹ ki í bọ ọkọ̀, ẹ máa mi ọrùn náà díẹ̀díẹ̀. Bó bá ń tan tó ń kú, ẹ ti rí i. Bí wáyà náà bá ṣe é yọ, ẹ fi mítà sí ibi tó ti ń dún, ẹ wọn ihò 16 láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, lẹ́yìn náà 4 àti 5, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ bí ẹ ṣe ń wọn ọ́n.

Fún oní-tábúlẹ́ẹ̀tì, ẹ fi ṣájà tirẹ̀ gan-an ṣájì í fún wákàtí kan ó kéré tán kí ẹ tó sọ pé ó ti kú. Bátìrì tó gbẹ pátápátá kì í jí lójú ẹsẹ̀. Ẹ wá tẹ bọ́tìnnì ìtanná mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá ogún, ẹ fi sílẹ̀, ẹ tún un tẹ̀. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti wú, ẹ má ṣájì í mọ́ rárá. Bátìrì yẹn lè gbiná. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí iná rẹ̀ ń lọ sókè sódò máa ń ba ṣájà jẹ́, nítorí náà ẹ wọn ẹnu ṣájà kí ẹ tó dá tábúlẹ́ẹ̀tì lẹ́bi.

Skánà àtijọ́ tó ní káàdì ìrántí: ẹ yọ káàdì, ẹ nu ojú irin rẹ̀, ẹ dá a padà.

Ohun tó ń pa skánà jù lọ́wọ́ wa ni kí iná lọ nígbà tó ń ṣe àpúdéètì lọ́wọ́. Kí bátìrì rẹ̀ kún, kí íńtánẹ́ẹ̀tì yín má máa já, kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Bákan náà, ẹ yọ skánà kúrò lára ọkọ̀ kí ẹ tó jáḿpù bátìrì, kí wẹ́dà sì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lára rẹ̀.

Skánà tan, ọkọ̀ kò dáhùn

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tó rọrùn. Kọ́kọ́rọ́ gbọ́dọ̀ wà ní ON, níbi tí gbogbo iná dáṣíbọ́ọ̀dù ti ń tan. ACC, níbi tí rédíò ti ń ṣiṣẹ́ lásán, kò tó. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ oníbọ́tìnnì, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì láìfi ẹsẹ̀ kan búréèkì. Bátìrì tó ti lọ sí ìsàlẹ̀ fóltì 12, ẹ ṣájì í ná, torí bí iná bá ti kéré, brain box àti skánà á máa tan, á máa kú, ọ̀rọ̀ wọn kò sì ní délé.

Ẹ wá wo iná check engine nígbà tí kọ́kọ́rọ́ wà ní ON tí ẹ́ńjìnnì kò tíì ṣiṣẹ́. Ìwé ìròyìn ni iná yẹn. Bó bá tan, lọ́pọ̀ ìgbà, brain box ti jí, ọ̀nà ọ̀rọ̀ ni kí ẹ wò. Bí kò bá tan rárá, tí ọkọ̀ kò sì gbà láti ṣiṣẹ́, brain box kò tíì jí, kò sí skánà tó lè bá a sọ̀rọ̀. Fíúsì EFI, relay EFI (súwíìṣì tí iná ń tan fúnra rẹ̀) lára Toyota, main relay lára Honda àtijọ́, àti ẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ni kí ẹ lọ wò.

Tí ìyẹn bá pé, ẹ yẹ orúkọ ọkọ̀ tí ẹ mú wò. Toyota tó ti Bẹ́ljíọ̀mù wá àti èyí tó ti Amẹ́ríkà wá lè jẹ́ ọdún kan náà kí èdè wọn má jọra. Bí ẹ bá mú orúkọ tí kò dáhùn, ẹ gbìyànjú OBD lásán tó wà fún gbogbo ọkọ̀.

Àwọn tó ń fi fóònù àti ELM327 kékeré ṣe é

ELM327 ni ohun kékeré tí a ń ki bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, tó ń fi Bluetooth tàbí Wi-Fi bá app orí fóònù sọ̀rọ̀. Mi ò kórìíra rẹ̀. Ó dára fún onílé tó fẹ́ mọ ohun tí ń ṣe ọkọ̀ rẹ̀. Àmọ́ ẹ mọ ohun tí ẹ rà. Ilé iṣẹ́ Kánádà tó dá ELM327 sílẹ̀ ti pa ilẹ̀kùn dé ní 2022, àwòkọ ni èyí tó pọ̀ jù lórí àtẹ. Àwọn àwòkọ kan kò gbọ́ gbogbo èdè, pàápàá èdè àwọn ọkọ̀ àtijọ́. Nítorí náà ó lè bá ọkọ̀ tuntun sọ̀rọ̀ kó yadi lójú Pencil Light, kí ọkọ̀ náà má ní àrùn kankan.

Bluetooth: lórí Android, ẹ kọ́kọ́ so ó pọ̀ nínú Settings, nọ́ńbà rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 1234 tàbí 0000, kí ẹ tó ṣí app. Bí Android yín bá ṣáájú 12, ẹ fún app náà láyè láti lo Location, torí irú rẹ̀ kì í jẹ́ kí ó wá Bluetooth láìsí i; láti 12 sókè, Nearby devices ni kí ẹ fún un láyè láti lò. App kan ṣoṣo ló lè di í mú lẹ́ẹ̀kan. Ẹ pa èyí tó kù. iPhone kì í bá Bluetooth àtijọ́ inú rẹ̀ ṣe. Oní-Wi-Fi tàbí oní-Bluetooth LE ni kí ẹ rà fún un. Bí ó bá jẹ́ oní-Wi-Fi, ẹ pa dátà fóònù, ẹ so Wi-Fi rẹ̀, kí ẹ sì wò ó nínú app pé àdírẹ́sì jẹ́ 192.168.0.10, port 35000. Ọ̀pọ̀ wọn, ìyẹn ni tiwọn.

Nígbà tó bá kan wáyà ọ̀rọ̀

Wáyà méjì ni CAN, wọ́n lọ́ mọ́ra wọn. Ní ìkángun kọ̀ọ̀kan, rẹ̀sísítọ̀ ohm 120 wà. Méjèèjì papọ̀ máa ń fún wa ní 60. Ẹ tú orí bátìrì, ẹ dúró ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ fi mítà sí ohm, ẹ wọn ihò 6 sí ihò 14. Bí ẹ bá rí nǹkan bíi 60, wáyà náà pé. 120 túmọ̀ sí pé ìkángun kan ti já. Bó bá súnmọ́ òfo, méjèèjì ti kan ara wọn, wọ́n ti ṣọ́ọ̀tì. Bí mítà kò bá rí ọ̀nà kankan láàárín wọn, wáyà ti já kí ó tó dé sọ́kẹ́ẹ̀tì. Nínú ọkọ̀ tuntun tó ní gateway, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó dúró bí aṣọ́nà láàárín sọ́kẹ́ẹ̀tì àti àwọn yòókù, ẹ̀ka tó wá sí sọ́kẹ́ẹ̀tì nìkan ni ìwọ̀n yìí ń sọ, kì í ṣe gbogbo ilé.

Ẹ dá bátìrì padà, ẹ tan kọ́kọ́rọ́ sí ON, ẹ wọn fóltì wọn sí ẹ́ẹ̀tì. Ihò 6 yóò wà lókè 2.5 díẹ̀, ihò 14 yóò wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, àpapọ̀ wọn yóò súnmọ́ 5. Bí ọ̀kan bá jẹ́ 12 tàbí òfo, ó ti kan pósítíìfù tàbí bọ́dì. Ní ti K-line, ihò 7 yẹ kó súnmọ́ fóltì bátìrì. Bí ó bá wà ní òfo, ohun kan ń fà á wálẹ̀.

Ta ló ń fà á? Àlejò ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, kí ẹ tó fura sí onílé. Tirákà, àláàmù, rédíò tuntun: ẹ yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa wọn ihò yẹn lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn Volkswagen àtijọ́ mọ àrùn yìí dáadáa. K-line wọn gba ẹ̀yìn rédíò kọjá, bí wọ́n bá sì ki rédíò mìíràn bọ wáyà náà bẹ́ẹ̀, ó lè di gbogbo ilé lẹ́nu. Lẹ́yìn àwọn àlejò, ẹ wá yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ABS (kọ̀ǹpútà búréèkì), ti éábáàgì àti àwọn yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹ tú bátìrì kí ẹ tó fọwọ́ kan ti éábáàgì.

Sẹ́ńsọ̀ kan lè pa gbogbo ilé

Brain box ló ń pín fóltì 5 fún àwọn sẹ́ńsọ̀, àwọn ohun kékeré tó ń wọn nǹkan fún un. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣọ́ọ̀tì, ó lè fa fóltì 5 náà wálẹ̀ tí brain box kò fi ní lè ronú mọ́. Ọkọ̀ kan dé ọ̀dọ̀ wa tí kò ṣiṣẹ́, check engine kò tan, skánà yadi, bẹ́ẹ̀ iná àti ẹ́ẹ̀tì brain box pé pérépéré. A fi kọ́kọ́rọ́ sí ON, ọmọ iṣẹ́ mi jókòó síwájú, ojú rẹ̀ wà lára dáṣíbọ́ọ̀dù, èmi ń yọ sẹ́ńsọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti ẹnu afẹ́fẹ́, kò sí nǹkan. Ti inú ẹ́ńjìnnì, kò sí nǹkan. Nígbà tí mo yọ ti gáàsì AC, ọmọ náà pariwo, "Ọ̀gá, ó ti tan!" Skánà sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ọkọ̀ sì ṣiṣẹ́. Sẹ́ńsọ̀ tó ń ṣọ́ AC lásán ló ti pa ẹ́ńjìnnì.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, tí iná pé, tí ẹ́ẹ̀tì pé, tí wáyà ọ̀rọ̀ pé, tí fóltì 5 kò sì jáde bí ẹ tilẹ̀ yọ gbogbo sẹ́ńsọ̀, nígbà náà lẹ lè pe brain box lórúkọ. Ẹ ṣí i, ẹ wò ó bóyá omi wọ̀ ọ́, bóyá ó ti dípẹtà. Kí oníbàárà tó lọ ọjà Ládípọ̀ tàbí Gate lọ ra òmíràn, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé bí ọkọ̀ rẹ̀ bá ní immobilizer, ohun tí kì í jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ àjèjì tan ọkọ̀, brain box tuntun kò ní mọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ títí wọn yóò fi kọ́ ọ. Owó ọ̀tọ̀ ni ìyẹn.

Nígbà tí ọkọ̀ bá dáhùn níkẹyìn, ẹ má sáré nu kóòdù. Ẹ ya fọ́tò gbogbo rẹ̀, kí ẹ wo èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú U. U0100 ń sọ pé àwọn kọ̀ǹpútà yòókù inú ọkọ̀ kò gbọ́ ohùn brain box ẹ́ńjìnnì mọ́, U0121 ń sọ pé wọn kò gbọ́ ti ABS mọ́. Ẹ nu wọ́n lẹ́yìn fọ́tò, ẹ wa ọkọ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú gba ojú ọ̀nà tó ní kòtò, kí wáyà mì dáadáa, ẹ tún un wò. U tó bá padà wá lẹ́yìn kòtò, sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹni tó dárúkọ ni kí ẹ lọ ṣí.